Ẹni Tí Yóò Kọ́kọ́ Fọhùn

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ eré káàdì tí àwọn Òyìnbó ń pè ní póókà ni. Kì í ṣe gbogbo eré náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, bí kò ṣe ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó wà nínú rẹ̀: nígbà wo ni ó yẹ kí ẹni tí yóò kọ́kọ́ fọhùn fi owó lélẹ̀, nígbà wo sì ni ó yẹ kí ó dákẹ́? Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onítẹ́tẹ́ lásán ni èyí, kí ó fara balẹ̀ ná. Ìbéèrè náà kan ìyá tí ń ta ẹja ní ọjà Ajah. Ó kan ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kó owó sínú àpò tí ó ń wá ilẹ̀ rà ní Addo, ní ọ̀nà tí ó ti Ajah lọ sí Langbasa àti Badore. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ní láti sọ ti ẹnu rẹ̀ kí ó tó mọ ti inú ẹnìkejì. N kò wá síbí láti yin tẹ́tẹ́, ẹ ó sì rí i kí a tó parí pé ìṣirò inú eré yìí gan-an ni ó ń kìlọ̀ fún onítẹ́tẹ́.

Èdè ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. A ń ta ayò, a ń ta tẹ́tẹ́, a ń ta káàdì, a sì ń ta ọfà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, ohùn àárín ni ó sì wà lórí rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ‘tà’ ti ọlọ́jà, tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀. Ohun tí ó so ‘ta’ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí pọ̀ lójú tèmi ni pé nǹkan kúrò lọ́wọ́ ẹni, kò sì ṣeé dá padà mọ́. Ọmọ ayò tí a ti gbìn sí ojúlé ti kúrò lọ́wọ́ wa. Ọfà tí ó ti fò kò mọ ọ̀nà àpó mọ́. Owó tí a ti fi lélẹ̀ lórí tábìlì káàdì náà ti lọ. Ìdí nìyí tí ó fi ṣe pàtàkì láti mọ ohun tí ojú ẹni rí kí a tó ta.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà ní ṣókí fún ẹni tí kò rí i rí. Oríṣi póókà pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ní ayé òde òní ni wọ́n ń pè ní Texas Hold'em. Káàdì 52 ni wọ́n fi ń ta á. A ó fún olúkúlùkù ní káàdì 2, òun nìkan ni yóò sì rí wọn. Lẹ́yìn náà a ó ṣí káàdì 3 sórí tábìlì lójú gbogbo ènìyàn, a ó tún ṣí ẹyọ 1, a ó sì ṣí ẹyọ 1 tí ó kẹ́yìn. Káàdì 5 tí ó dára jù lọ tí ènìyàn bá lè ṣà láti inú 7 yìí ni agbára rẹ̀. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò máa fọhùn ní yíyípo. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fi owó lélẹ̀, ẹni tí ó kàn lè dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá, ó sì lè fi owó lélẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ti fi owó lélẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó lè san iye kan náà, ó lè fi kún un, ó sì lè jọ̀wọ́ káàdì rẹ̀ kí ó gbàgbé owó orí tábìlì.

Ìjókòó ni ó ń pinnu ẹni tí yóò kọ́kọ́ fọhùn. Ẹ jẹ́ kí á pe ẹni tí ó ń kọ́kọ́ fọhùn ní ẹni iwájú, kí á sì pe ẹni tí ó ń fọhùn kẹ́yìn ní ẹni ẹ̀yìn. Àwọn àgbà wa sọ pé ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí ní ìdí káàdì. Ẹni ẹ̀yìn ti rí ìpàkọ́ ẹni iwájú: ó ti rí i bóyá ó ta tàbí ó dákẹ́, ó ti rí iye tí ó ta, kí òun tó la ẹnu. Ẹni iwájú kò rí nǹkan kan.

Ṣé iwájú fúnra rẹ̀ wá jẹ́ ibi burúkú ni? Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n. Ojúlé 12 ni ó wà lára ọpọ́n, ọmọ ayò 48 ni a ń fi bẹ̀rẹ̀, 4 nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ ta níbẹ̀ náà. Síbẹ̀, a kì í gbọ́ kí òpè fi ẹ̀bi ìṣubú rẹ̀ sórí pé òun ni òun kọ́kọ́ ta. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì ní fásitì kan ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fi ẹ̀rọ yẹ gbogbo ipò tí ó lè wáyé nínú irú ayò yìí wò, èyí tí wọ́n ń pè ní awari. Iye ipò náà lé ní bílíọ̀nù 889. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ọ̀ta méjì bá ta á láìṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni wọn yóò ta. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ta kò ní àǹfààní, kò sì ní ìpalára.

Kí ni ó fà á tí ti ayò fi yàtọ̀ sí ti káàdì? Ohun tí ó fà á ni pé kò sí ohun tí ó pamọ́ nínú ayò. Gbogbo ọmọ ayò wà lójú ọpọ́n. Ẹni tí ó bá lè kà á lè mọ̀ ọ́n, àwọn òǹwòran pàápàá ń rí i, wọ́n sì ń dá sí i. Ṣùgbọ́n ní ìdí káàdì, ohun tí ó ṣe kókó jù lọ pamọ́. Nítorí náà, kì í ṣe iwájú ni ó ń pa ẹni iwájú lára. Kíkọ́kọ́ fọhùn lórí ohun tí ó pamọ́ ni ó ń pa á lára, nítorí pé ohùn rẹ̀ ń tú àṣírí rẹ̀, ti ẹnìkejì sì wà nínú àpò síbẹ̀.

Báwo ni ìpalára náà ti pọ̀ tó? A lè mọ iye rẹ̀ ní pàtó. John von Neumann, ọmọ ilẹ̀ Hungary tí ó di ará Amẹ́ríkà, ni ó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí lélẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1928 àti nínú ìwé ńlá tí òun pẹ̀lú Oskar Morgenstern jọ kọ ní 1944. Ní 1950, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà kan, Harold Kuhn, gbé póókà kékeré kan kalẹ̀ tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè ta lórí àga. Káàdì 3 péré ni ó wà nínú rẹ̀: Ọba, Ayaba àti Ìránṣẹ́. Ọba ju Ayaba lọ, Ayaba ju Ìránṣẹ́ lọ. Ènìyàn méjì ni ó ń ta á. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fi náírà 1 sórí tábìlì, yóò sì gba káàdì 1. Ẹni iwájú lè dákẹ́, ó sì lè fi náírà 1 mìíràn lélẹ̀. Bí ó bá fi owó lélẹ̀, ẹni ẹ̀yìn yóò san án tàbí kí ó jọ̀wọ́ káàdì rẹ̀. Bí ẹni iwájú bá dákẹ́, ẹni ẹ̀yìn náà lè dákẹ́ kí wọ́n ṣí káàdì, ó sì lè fi náírà 1 lélẹ̀ kí ẹni iwájú wá sọ bóyá òun yóò san án.

Kuhn fi ìṣirò hàn pé bí àwọn méjèèjì bá gbọ́n dọ́gba, ẹni iwájú yóò máa pàdánù náírà 1 nínú eré 18, bí a bá pín in dọ́gba. Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá ta á ní ìgbà 1,800, náírà 100 ni yóò bá ìjókòó lọ. Kò ṣe àṣìṣe kankan o. Owó orí ìjókòó lásán ni. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ta póókà fi ń yí ìjókòó ká, kí ìyà iwájú lè kan olúkúlùkù.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú káàdì 3 yìí fún ẹni iwájú, mo sì fẹ́ kí ẹ fi wọ́n sọ́kàn.

Èkíní: kí ẹni iwájú má ṣe fi Ayaba ta. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá fi Ayaba ta, ẹni tí ó mú Ọba yóò san án kíá, yóò sì gba owó rẹ̀. Ẹni tí ó mú Ìránṣẹ́ yóò sá lọ. Ẹni tí ó ju ú lọ nìkan ni yóò dá a lóhùn. Ẹni tí ó kéré sí i kò ní fún un ní kọ́bọ̀. Káàdì tí kò dára jù, tí kò sì burú jù, ìdákẹ́jẹ́ ni ó yẹ ẹ́.

Èkejì: bí ẹni iwájú bá fẹ́ máa fi Ọba ta, ó ní láti máa fi Ìránṣẹ́ halẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìhàlẹ̀ náà sì ní òṣùwọ̀n. Bí ó bá fi Ọba ta ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó fi Ìránṣẹ́ halẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan. Ìdí rẹ̀ nìyí. Owó orí tábìlì jẹ́ náírà 2, òun fi 1 kún un. Ẹni ẹ̀yìn tí ó mú Ayaba dání ní láti san náírà 1 láti lè gba 3. Nínú ìgbà 4 tí ẹni iwájú ta, 3 jẹ́ òtítọ́, 1 jẹ́ ìhàlẹ̀. Bí ẹni ẹ̀yìn bá san mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò pàdánù náírà 1 ní ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò sì jèrè náírà 3 ní ẹ̀ẹ̀kan. Kò jèrè, kò pàdánù. Sísan án àti àìsan án di ọ̀kan náà, kò sì mọ èyí tí yóò ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹni iwájú kò bá halẹ̀ rárá, ẹni ẹ̀yìn yóò mọ̀ pé Ọba ni, kò ní san kọ́bọ̀. Bí ó bá sì halẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ẹni ẹ̀yìn yóò máa san án, yóò sì máa kó èrè.

Ẹ̀kẹta ni ó yà mí lẹ́nu jù: ẹni iwájú lè má kọ́kọ́ fi owó lélẹ̀ rárá, kí ó máa fi gbogbo káàdì dákẹ́, Ọba pàápàá, kí ó sì má pàdánù ju náírà 1 nínú eré 18 náà lọ. Ohun tí ó ní láti ṣe ni pé kí ó mọ bí yóò ti dáhùn. Bí ẹni ẹ̀yìn bá fi owó lélẹ̀, kí ó máa fi Ọba san án nígbà gbogbo, kí ó máa fi Ayaba san án ní ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta, kí ó sì máa jọ̀wọ́ Ìránṣẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ òmùgọ̀, nítorí pé Ọba lè wà ní abẹ́ rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sí póókà ńlá. Nígbà wo ni ó yẹ kí ẹni iwájú ta níbẹ̀? Mo rí ìgbà mẹ́rin.

Ìgbà kìíní ni ìgbà tí káàdì rẹ̀ dára, tí ó sì mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ẹnìkejì náà yóò dákẹ́. Bí ẹni ẹ̀yìn bá jẹ́ ẹni tí ó máa ń ta nígbàkigbà tí a bá ti dákẹ́ fún un, ìdákẹ́jẹ́ ni ó sàn. Kí á jẹ́ kí ó ta, kí á sì fi kún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ onísùúrù, ẹni iwájú tí ó dákẹ́ ń fi èrè rẹ̀ ṣòfò.

Ìgbà kejì ni ìgbà tí káàdì rẹ̀ dára lónìí tí ó sì lè burú lọ́la. Ká ní káàdì méjì lára àwọn mẹ́ta tí a ṣí jẹ́ irú kan náà, tí ẹnìkejì sì mú irú kan náà méjì dání. Káàdì 47 ni kò tíì rí, 9 nínú wọn ni yóò sì mú kí tirẹ̀ pé. Ó tó ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà márùn-ún. Bí ẹni iwájú bá dákẹ́ tí òun náà sì dákẹ́, ọ̀fẹ́ ni ó fi rí káàdì tí ó kàn. Ó yẹ kí ó san owó ìwòran.

Ìgbà kẹta ni ìgbà tí káàdì orí tábìlì bá bá ẹni iwájú mu ju ẹni ẹ̀yìn lọ. Bí ẹni ẹ̀yìn bá ti fi ìwà rẹ̀ hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé káàdì ńláńlá ni òun mú, tí ẹni iwájú kàn san owó láti dúró, tí orí tábìlì sì wá ṣí 4, 5 àti 6, ta ni èyí jọ pé ó ràn lọ́wọ́? Ẹni iwájú ni.

Ìgbà kẹrin ni ìgbà ìhàlẹ̀ tí ó ní ìpìlẹ̀. Bí owó orí tábìlì bá jẹ́ náírà 200, tí ènìyàn sì fi 100 halẹ̀, ó ní láti ṣe é ní àṣeyọrí ní ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta kí owó rẹ̀ tó pé. Bí ó bá fi 200 halẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀kan nínú méjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ halẹ̀ láti iwájú, kí ó yan káàdì tí ó ṣì lè dára bí wọ́n bá san án, kí ó má sì halẹ̀ mọ́ ẹni tí kì í jọ̀wọ́ káàdì. Àgídí kì í gbọ́ ìhàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè àwọn tí ń ta póókà tí ó yẹ kí àwa onímọ̀ èdè gbé yẹ̀ wò. Nígbà tí ẹni iwájú, tí ó kàn san owó ní ìpele tí ó kọjá, bá jí dìde tí ó kọ́kọ́ ta ní ìpele tí ó kàn, wọ́n ń pe irú títa bẹ́ẹ̀ ní donk bet. Láti ara orúkọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Èébú ni. Ó jọ bí àwa ti ń pe aláìmọ̀ọ́ta ní òpè ní ìdí ayò. Fún ọdún púpọ̀, olùkọ́ póókà ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó má ṣe é, pé kí ó máa dákẹ́ kí ẹni tí ó ta ní ìṣáájú tún ta.

Ẹ̀rọ wá dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ní 2015, Michael Bowling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní fásitì Alberta ní Kánádà kéde pé kọ̀ǹpútà ti tú oríṣi póókà ẹlẹ́ni méjì kan palẹ̀, èyí tí a fi òté lé iye owó tí a lè ta nínú rẹ̀. Ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí ó pín káàdì, tí ó ń fọhùn kẹ́yìn láti ìgbà tí a bá ti ṣí káàdì, ni ó ní àǹfààní. Ìyẹn bá ohun tí wọ́n ti ń sọ mu. Ṣùgbọ́n ní 2019, Noam Brown àti Tuomas Sandholm gbé kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Pluribus jáde, ó sì borí àwọn ọ̀ta nínú eré ẹlẹ́ni mẹ́fà. Wọn kò kọ́ ọ ní eré ènìyàn kankan. Òun àti ara rẹ̀ ni wọ́n jọ ta títí ó fi mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ó ṣe é kọ̀wé pé ó ń ta tẹ́tẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yìí ju bí àwọn ọ̀ta ènìyàn ti ń ṣe lọ.

Kí ni èyí kọ́ wa? Kò sọ pé kí òpè máa ta bí ó ti wù ú. Ohun tí ó sọ ni pé orúkọ burúkú tí a fún nǹkan lè dí wa lójú láti rí ìgbà tí nǹkan náà tọ́. Àwọn òpè ń ta á láìnídìí; nítorí náà a sọ ọ́ ní orúkọ òpè, a sì dẹ́kun bíbi í léèrè bóyá ìdí kan wà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rántí èyí nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́kọ́ nawọ́ nínú kíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí ọjà. Ní ọjà wa, ọlọ́jà ni ẹni iwájú. Oníbàárà á ní, “Ìyá, ẹ kú ọjà o. Èló ni ẹja yìí?” Ìyá kò mọ iye tí ó wà nínú àpò ẹni náà, kò mọ̀ bóyá àlejò wà nílé rẹ̀, síbẹ̀ òun ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ owó. Báwo ni ó ti ń dáàbò bo ara rẹ̀? Ó ń fi àyè sílẹ̀. Bí 7,000 náírà bá ni ibi tí kò lè kọjá, yóò pe 10,000. Oníbàárà yóò ní 5,000, wọn yóò sì dúnàádúrà. Oníbàárà tí ó gbọ́n a máa gbìyànjú láti gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Á ní, “Èló ni jálẹ̀?” Ìyá tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dárúkọ 7,000 ní ìdáhùn. Bí ó bá dárúkọ rẹ̀, ó fi Ayaba ta nìyẹn: ẹni tí ó fẹ́ san jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò gbà á kíá, ẹni tí kò ní tó bẹ́ẹ̀ yóò kọjá lọ.

Ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù náà mọ ọgbọ́n àyè yìí dáadáa. Òun ni ó kọ́kọ́ ń dárúkọ iye tí yóò san. Ẹ jẹ́ kí á mú ìdíje kan tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ dọ́gba bí owó ẹyọ tí a ju sókè. Bí iye náà bá jẹ́ 1.90 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó ta náírà 100 yóò gba 190 bí ó bá jẹ, yóò sì gba òfo bí kò bá jẹ. Nínú ìgbà 2, ó fi 200 lélẹ̀, ó gba 190. Náírà 5 nínú 100 kọ̀ọ̀kan ti bá ilé lọ kí bọ́ọ̀lù tó gbéra nílẹ̀. Ní ìdí póókà, ìjókòó ń yí; lónìí ìwọ, lọ́la èmi. Àyè tí ilé tẹ́tẹ́ fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀ kì í yí. Ọ̀dọ́ tí ó bá mọ ìṣirò yìí kò nílò ìwàásù.

Mo ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ẹ ti rí bí ilẹ̀ ti gbówó lórí láti Lekki dé Ajah, bí ilé ti ń hù ní Addo àti agbègbè rẹ̀. Ẹni tí ń ra ilẹ̀ ni ẹni iwájú. Wọn yóò ní kí ó tètè fi owó lélẹ̀, pé ẹlòmíràn ń bọ̀ ní ọ̀la, pé ojú ẹni kò níí ribi kó rí ilẹ̀ bí èyí mọ́. Olówó náà yóò rò pé àkókò ìgboyà ni. Rárá o. Nínú póókà, káàdì ẹnìkejì pamọ́ nítorí pé òfin eré ní kí ó pamọ́. Kò sí ọ́fíìsì tí a lè lọ wò ó. Ti ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Káàdì ilẹ̀ ṣeé ṣí.

Àwòrán ìwọnlẹ̀ ni a ó gbé lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà àwọn awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó ní Alausa, wọn yóò sì sọ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Bí wọ́n bá ní ìjọba ti yọ̀ǹda rẹ̀ padà fún ìlú, ìwé ìròyìn ìjọba tí a tẹ̀ ẹ́ sí wà láti wò. Ibi ìkọsílẹ̀ ilẹ̀ wà ní Alausa kan náà, kí a lè mọ orúkọ ẹni tí ó wà lára rẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti 1978 ti jáde, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, a sì nílò àṣẹ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó kọjá láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí ó bá sì jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ ti là á yé wa nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959: ilẹ̀ tí ọmọ ẹbí kan tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà; èyí tí olórí ẹbí tà láìgba ìyọ̀ǹda àwọn ọmọ ẹbí tí ó ṣe pàtàkì, wọ́n lè pè é lẹ́jọ́ kí wọ́n sì dá a padà. Òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 láti dáàbò bo ohun-ìní sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ipá gba ilẹ̀ tàbí láti ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì. Ṣùgbọ́n òfin ń jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ níyà lẹ́yìn tí owó ti lọ. Ìwádìí ni ó ń dá owó dúró kí ó tó lọ.

Nítorí náà, ààbò mẹ́ta ni ó wà fún ẹni tí yóò kọ́kọ́ fọhùn, olúkúlùkù sì ní ibi tí ó bá mu. Ní ibi tí a kò ti lè rí káàdì ẹnìkejì, tí a ó sì tún pàdé lọ́pọ̀ ìgbà, kí á da òtítọ́ àti ìhàlẹ̀ pọ̀ ní òṣùwọ̀n, kí á sì fi ohun tí ó wà ní àárín dákẹ́. Ní ibi tí a ti lè dúnàádúrà, kí á fi àyè sílẹ̀ nínú ohùn wa. Ní ibi tí káàdì náà ti ṣeé ṣí, kí á ṣí i kí á tó fọhùn, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó ta á ní ayé wa. Ẹni tí ó mú ọgbọ́n tábìlì káàdì lọ sí ìdí ilẹ̀, tí ó ń halẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó ti béèrè, owó ọdún mẹ́wàá lè lọ ní ọjọ́ kan.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi èyí kọ́ni ní ọ̀sẹ̀ yìí gan-an. Ẹ gé páálí mẹ́ta, ẹ kọ Ọba, Ayaba àti Ìránṣẹ́ sí i. Ẹ fi ọmọ ayò dípò owó, kí tẹ́tẹ́ má wọ ilé-ẹ̀kọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì ta á ní ìgbà 90 láìyí ìjókòó, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì yí ìjókòó kí wọ́n tún ta 90. Orí lè ṣe ti ẹnìkan ní ọjọ́ kan, nítorí náà ẹ pa iye gbogbo kíláàsì pọ̀ kí ẹ tó wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n pé: iye ìgbà mélòó ni ẹ fi Ayaba ta láti iwájú, kí ni ẹ sì rí gbà níbẹ̀?

 Ẹ̀yin òǹwòran wa, bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ètò yìí, a ó gbé e yẹ̀ wò.